Ilẹ̀ Ẹbí àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Ìfáárà
Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí, ohun tí a sábà máa ń bèèrè ni pé, ta ni ó ni ín? A kì í sábà bèèrè bí a ṣe lè lò ó kí ó má ṣá. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ fi hàn pé ìbéèrè méjèèjì kò ṣeé yà nípá.

Ẹni tí ó ni ilẹ̀
Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣán igbó ni ó máa ń ni ibẹ̀. Bí ó bá kú, ilẹ̀ náà di ti gbogbo ọmọ rẹ̀ lápapọ̀. Olórí ẹbí ni ó ń bójú tó o, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè tà á. Ní 1921, nínú ẹjọ́ Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa ti Èkó, àwọn adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù fara mọ́ ọn pé ti àwùjọ tàbí ẹbí ni ilẹ̀, kì í ṣe ti ẹnì kan. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, síbẹ̀ àwọn ẹbí ṣì ń dáko lórí ilẹ̀ baba wọn. Nítorí náà, olùtọ́jú ni ẹni tí ń dáko lónìí. Ọmọ tí a kò tí ì bí ní ìpín níbẹ̀.

Ọgbọ́n àwọn baba wa
Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ tí wọ́n bá ti dáko, wọn a fi ilẹ̀ sílẹ̀ kí ó sinmi. Ewé a wọ́ sílẹ̀, a jẹrà. Gbòǹgbò igi a sì fa ọ̀rá tí ó ti wọ ìsàlẹ̀ lọ padà sókè. Wọn kì í gbin nǹkan kan ṣoṣo. Iṣu a wà lórí ebè, àgbàdo a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀gúsí a sì nà bo ilẹ̀ kí àgbàrá má baà wọ́ ọ lọ. Gbòǹgbò ẹ̀wà ní kókó wẹ́wẹ́ tí ń mú náítírójìn inú afẹ́fẹ́ wọlẹ̀. Nínú oko kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò ni ó ń ṣíji bo kòkó kékeré.

Ìṣòro òde òní
Ẹbí ń pọ̀ sí i, ilẹ̀ kò pọ̀ sí i. Níbi púpọ̀, ilẹ̀ kì í rí àyè sinmi mọ́. Iná tí a fi ń jóko ń fún wa ní eérú fún ọdún kan, ṣùgbọ́n ó ń jó ewé tí ìbá jẹrà fún ọdún tí ń bọ̀. Bí ilẹ̀ bá sì ti ṣá, kò ṣòro mọ́ láti rí ẹni tí yóò ní kí a tà á.

Ọ̀nà àbáyọ
Ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán ọ̀nà kan wò ní àárín àwọn ọdún 1970. Wọ́n gbin igi bí agúnmániyè ní ìlà-ìlà, wọ́n sì gbin àgbàdo sáàrin wọn. A ó máa rẹ́ ẹ̀ka igi náà, a ó sì tẹ́ ewé rẹ̀ sórí ilẹ̀. Báyìí ni igbó àti oko ṣe ń wà lójú kan náà.

Ṣùgbọ́n àṣà wa dí ọ̀nà yìí. Igi ni ẹ̀rí ilẹ̀. Àlejò tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ gbin igi ọlọ́jọ́ gígùn, kí ó má baà sọ lọ́la pé òun ni ó ni ibẹ̀. Láàrin ọmọ bàbá kan náà pàápàá, ẹni tí ó gbin igi lè di ẹni tí a ń fura sí. Èrò wa ni pé kí ẹbí fi ẹnu kò níwájú ẹlẹ́rìí pé igi tí a gbìn láti tọ́jú ilẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Pèrègún tí ó wà ní ààlà ni ẹ̀rí. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ sì fọwọ́ sí i.

Ìkádìí
Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kí ó má ní ààlà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n àgbàrá kò mọ ààlà: bí ilẹ̀ ẹnì kan bá wọ́ lọ, ti aládùúgbò rẹ̀ ni ó kàn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá lọ sílé fún ìsinmi, ẹ má ṣe bèèrè ìpín yín nìkan. Ẹ bèèrè ìgbà tí ilẹ̀ náà sinmi kẹ́yìn.