Ilé Àwọn Arákùnrin Aláṣọ Dúdú ní Ìlú Perth

Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ìtàn Àtúnṣe Ìjọ, orúkọ John Knox ni a máa ń gbé síwájú. Ní oṣù yìí, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀kan nínú àwọn ilé tí ó wó lẹ́yìn ìwàásù rẹ̀.

Ọba Alexander Kejì ni ó dá a sílẹ̀ ní 1231, lẹ́yìn odi ìlú Perth ní ilẹ̀ Skọ́tílándì, fún àwọn oníwàásù ẹgbẹ́ Dominic. Ẹ̀jẹ́ wọn ni pé ọrẹ àánú ni àwọn yóò máa fi jẹun. Ṣùgbọ́n ìkún omi ti wó ilé olódi ọba ní 1209. Nítorí náà, bí ọba bá dé Perth, ọ̀dọ̀ àwọn tálákà wọ̀nyí ni ó ń wọ̀ sí, òun àti àwọn ìjòyè rẹ̀.

Níbẹ̀ ni a ti pa Ọba James Kìíní ní òru ọjọ́ 20 oṣù Kejì, 1437. Bí ó ti gbọ́ ìró àwọn ọ̀tá, ó wọ inú ihò tí ìdọ̀tí ń gbà jáde lábẹ́ ilé. Ìbá gba ibẹ̀ sá lọ, ṣùgbọ́n òun tìkára rẹ̀ ni ó ti pàṣẹ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú pé kí a dí ẹnu rẹ̀, nítorí pé bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì rẹ̀ ń sọnù sínú rẹ̀.

Àwọn ọmọ kì í gbàgbé èyí. Ṣùgbọ́n ní tiwa, ọ̀ràn ìkòkò ni ó yẹ kí olùkọ́ dúró lé pẹ́. Ní 1543 àwọn ará ìlú já wọ inú ilé náà, wọ́n gbé ìkòkò oúnjẹ kúrò lórí iná, wọ́n sì gbé e yí ìlú ká. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní, 1559, a lẹ ìwé kan mọ́ ẹnu ọ̀nà irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Skọ́tílándì, ní orúkọ àwọn afọ́jú, arọ, opó àti ọmọ òrukàn. Ó ní àwọn ni wọ́n ni ọrẹ àánú. Kí àwọn arákùnrin kó jáde kí Pẹ́ńtíkọ́sì tó dé.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún Knox wàásù lòdì sí ère nínú ìjọ St. John. Lẹ́yìn ìwàásù, àlùfáà kan fẹ́ ṣe Máàsì. Ọmọdékùnrin kan kígbe, àlùfáà gbá a létí, ọmọ náà sọ òkúta, òkúta sì ba ère. Ó di rúkèrúdò. Wọ́n wó ilé Aláṣọ Dúdú, wọ́n wó ti Aláṣọ Eérú, wọ́n sì wó ilé àwọn mọ́ńkì tí a sin Ọba James sí. Knox kọ̀wé pé àwọn ọmọ ìta ni ó ṣe é, kì í ṣe àwọn onígbàgbọ́ tòótọ́. Síbẹ̀ kò ṣàì kọ ọ́ pẹ̀lú pé ènìyàn 8 péré ni ń gbé ilé Aláṣọ Eérú, a sì bá àgbá ẹran oníyọ̀ 8 níbẹ̀. A jẹ́ kí àwọn tálákà kó ìkógun náà lọ.

Lónìí, ògiri ilé Aláṣọ Dúdú kan kò dúró mọ́. Orúkọ wọn nìkan ni ó kù lára òpópónà ìlú.