Ìpẹtà Tó Yẹ Kí A Dá Sí: Ìmọ̀ràn fún Àwọn Ọ̀dọ́ Olùtọ́jú Irin Àtijọ́

Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ di olùtọ́jú irin àtijọ́ ní láti mọ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ìpẹtà ni ọ̀tá irin. Ìpẹtà ni ohun pupa rúsúrúsú tàbí dúdú tó máa ń bo irin nígbà tí omi àti atẹ́gùn ọ́síjìn bá jọ bá a pàdé, òun náà sì ni a ń tọ́ka sí bí a bá ní irin ti dógùn-ún. Oríṣi méjì ló wà tí olùtọ́jú gbọ́dọ̀ máa yà sọ́tọ̀: èyí tó ti dúró, tó ti dì mọ́ irin, tó sì ń gbé ẹwà àti ìtàn rẹ̀ jáde, àti èyí tó ṣì ń jẹ irin lọ́wọ́. Iṣẹ́ olùtọ́jú ni láti dá ti àkọ́kọ́ sí, kí ó sì dá ìkejì dúró.

Ọ̀pá Ọ̀sanyìn, èyíinì ni ọ̀pá irin tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń rọ fún àwọn oníṣègùn, tí ẹyẹ ńlá kan máa ń wà lórí rẹ̀ tí àwọn ẹyẹ kéékèèké sì yí i ká, fi ẹwà yìí hàn kedere. Àwọ̀ kan náà ni ọ̀pá tuntun máa ń ní láti òkè dé ilẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀pá bá ti pẹ́, ibi tí ọwọ́ ti ń dì í mú yóò dúdú, yóò sì máa dán. Abẹ́ ìyẹ́ àwọn ẹyẹ, níbi tí omi òjò ti ń pẹ́ kó tó gbẹ, yóò pọ́n ju ibi yòókù lọ. Ìdí rẹ̀ tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ yóò sì rí págunpàgun, yóò tín-ín-rín ju bí alágbẹ̀dẹ ti rọ ọ́ lọ. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ yóò mọ ibi tí wọ́n ti ń gbá a mú àti bí wọ́n ṣe gbé e ró, nítorí náà, ẹni tó bá fi sàǹpépà họ ọ́ títí tó fi funfun ti pa ẹ̀rí rẹ́, ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni kò sì lè dá padà.

Pé ìpẹtà lè dáàbò bo irin kì í ṣe àròsọ rárá. Ní ọdún 1933 ni ilé-iṣẹ́ U.S. Steel ní Amẹ́ríkà gbé irin kan jáde tí wọ́n ń pè ní Cor-Ten, tí wọ́n lú bàbà àti kurómíọ́mù díẹ̀ mọ́, kí ìpẹtà tó bá yọ lára rẹ̀ lè ki, kó lẹ̀ mọ́ irin tímọ́tímọ́, kó sì dín ọ̀nà tí omi yóò gbà wọlé kù. Irú irin bẹ́ẹ̀ ni Antony Gormley fi ṣe ère Angel of the North, tó ti dúró sí Gateshead ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1998 láìsí ọ̀dà lára rẹ̀, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 20, tí apá rẹ̀ méjèèjì sì fẹ̀ tó mítà 54. Òpó irin Delhi ní ilẹ̀ Íńdíà dàgbà ju ère yìí lọ fíìfíì, nítorí ó ti lé ní 1,500 ọdún tí wọ́n ti rọ ọ́, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó pọ̀ nínú irin náà sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ìbòrí fẹ́lẹ́ kan dì mọ́ ọn tí kò fi tíì jẹrà.

Ìpẹtà tó ń jẹ irin lọ́wọ́ ní àmì tirẹ̀. Bí a bá tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ ohun èlò kan tí a kò fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ mélòó kan, tí a sì bá ìyẹ̀fun pupa lórí aṣọ náà, irin ń jẹrà nìyẹn; bẹ́ẹ̀ náà ni bí èèpo bá ń ṣí lára rẹ̀, tàbí bí omi kíún bá ń sun jáde lára rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ pupa. Omi tó ń sun yìí jẹ́ àmì pé iyọ̀ ti wọ inú irin, ìdí sì nìyí tí irin etí òkun, ní Èkó, Àgbádárìgì tàbí Salvador ní Brazil, fi nílò àmójútó ju ti ìlú òkè lọ. Àyè tí ìpẹtà ń gbà ju ti irin tó ti wá lọ ní ìlọ́po méjì ó kéré tán, nítorí náà, bó bá ti ń pọ̀ sí i nínú ni yóò máa ti èyí tó wà lókè kúrò, tí irin yóò fi máa là.

Ní ti ìtọ́jú, kí olùtọ́jú kọ́kọ́ ya àwòrán ohun èlò náà láti ìhà gbogbo, kí ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án. Kí ó wọ ìbọ̀wọ́, nítorí iyọ̀ wà nínú òógùn ọwọ́. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti igi ọparun tí a gbẹ́ lẹ́nu ni kí ó fi mú ohun tó ti ṣí kúrò. Kí ó yẹra fún búrọ́ọ̀ṣì onírin, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti gbogbo ohun kíkan mìíràn, nítorí wọn kò mọ ìpẹtà rere yàtọ̀ sí búburú. Lẹ́yìn èyí, kí ó jẹ́ kí irin gbẹ dáadáa, kí ó fi ìda oyin pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó sì gbé e sínú àpótí tí ọ̀rinrin kò lè wọ̀, pàápàá ní ìgbà òjò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Irin òrìṣà tún ní òfin tirẹ̀. Epo pupa tó ti dì lára irin Ògún nílé, tàbí lára ìkòkò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ọmọ Ògún ní Cuba ń kó irin sí, kì í ṣe ìdọ̀tí: ẹ̀rí ìsìn ni, kò sì sí olùtọ́jú tó ní ẹ̀tọ́ láti nù ún kúrò láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

Kì í ṣe dídán ni a fi ń díwọ̀n ọwọ́ olùtọ́jú. Bí irin àtijọ́ bá jáde lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò jẹrà mọ́, tí ọjọ́ orí rẹ̀ sì ṣì hàn lára rẹ̀, olùtọ́jú náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ.