Ohun Tí Pupa Ara Epo Ń Ṣe Nínú Ara

Ẹni tí ó bá máa ń wọ ọkọ̀ láti Gbọ̀ngán lọ sí Ìbàdàn yóò ti gbọ́ ohùn àwọn olóògùn inú ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti mọ́ wọn lẹ́nu: antioxidant. Wọn a ní ó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ó ń lé ogbó sẹ́yìn, ó sì ń wo jẹjẹrẹ. Kí ni nǹkan yìí gan-an, ṣé inú ìgò tiwọn ni ó sì wà?

Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí à ń mí símú ni ara fi ń sun oúnjẹ kí agbára tó ti inú rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kan náà yìí ni ó ń mú irin dógùn-ún, òun náà ni ó ń mú kí òórùn òróró tí a ṣí sílẹ̀ yí padà. Bí ara ti ń lò ó, àwọn èérún tíntìntín kan máa ń jáde tí nǹkan dín lára wọn. Ohun tí ó dín yìí ni wọn yóò máa já gbà lára ohunkóhun tí ó bá sún mọ́ wọn, ìbáà ṣe ọ̀rá tí ó yí sẹ́ẹ̀lì ká tàbí DNA tí a fi ń jogún ìwà àti ìrísí. Ẹni tí wọ́n bá já tirẹ̀ gbà, òun náà a di ajágbà. Iṣẹ́ antioxidant ni pé yóò yọ̀ǹda lára tirẹ̀ fún wọn, òun kò sì ní tìtorí bẹ́ẹ̀ di ajágbà. Èéfín sìgá máa ń mú kí àwọn ajágbà yìí pọ̀ sí i. Síbẹ̀, wọ́n ní ìwúlò tiwọn: àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ń fi wọ́n pa kòkòrò àìsàn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà dé ibẹ̀.

Ọlọ́hun dá ààbò kan mọ́ ara. Ara fúnra rẹ̀ ń ṣe lára èròjà yìí, ó kàn fẹ́ kí á máa jẹ ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹran ni kí ó lè rí irinṣẹ́ lò. Ìyókù di ti oúnjẹ, àwọ̀ ni a sì fi ń dá púpọ̀ nínú wọn mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú epo pupa. Nínú kílò kan epo tí a kò tíì fọwọ́ kàn, kárótìnì máa ń tó 500 sí 700 mílígíráàmù, fítámì E sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kárótìnì yìí gan-an ni pupa tí à ń rí. Òun kan náà ni ara ń sọ di fítámì A fún ojú. Wàyí o, kí ni à ń ṣe sí i? A ó gbé e ka iná, a ó de ìkòkò pa, èéfín a gba gbogbo ilé, a ó ní a ń yọ́ epo fún ọbẹ̀ ọ̀fadà. Nígbà tí epo bá fi máa funfun, kárótìnì ti jóná tán. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ọ̀fadà o (àwa náà ń jẹ ẹ́), ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe máa se ọbẹ̀ ojoojúmọ́. Àpọ̀jù epo náà kò dára, nítorí pé nǹkan bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá tí kò bá ọkàn lára mu bí ó bá pọ̀. Ìwọ̀nba tí à ń fi se ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ tó, torí pé epo ni ó ń gbé kárótìnì inú ẹ̀fọ́ wọ ara. Ti tòmátì náà rí bẹ́ẹ̀: sísè nínú epo ń ràn án lọ́wọ́. Ní ti dòdò Ìkirè, tí a fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n kọjá ààlà, ata àti epo ṣe, adùn rẹ̀ kò ṣeé jà níyàn, ṣùgbọ́n dúdú ara rẹ̀ kì í ṣe irú àwọ̀ tí à ń wí.

Fítámì C yàtọ̀, inú omi ni tirẹ̀ ń yọ́ sí, iná sì ń bà á jẹ́. Ẹni tí ó bá bọ ẹ̀fọ́ pẹ́ tí ó sì da omi rẹ̀ nù ti da púpọ̀ nínú rẹ̀ nù. Ará Hungary kan, Albert Szent-Györgyi, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1937, inú ata pupa tí ó fara jọ tàtàsé ni ó ti rí i kó jọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Gúáfà ní in tó ìlọ́po mẹ́ta ti ọsàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó máa ń yà wá lẹ́nu pé ní àkókò ìṣínu, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ á fo ọsàn àti ìbẹ́pẹ kọjá lọ bá ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Ó wá ku ìgò olóògùn. Ní Finland, wọ́n kó 29,133 ọkùnrin tí ń fa sìgá jọ, wọ́n ń fún apá kan nínú wọn ní oògùn kárótìnì lójoojúmọ́ fún ọdún 5 sí 8. Nígbà tí èsì jáde ní 1994, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 18 nínú 100 pọ̀ láàrin àwọn tí ó gbà á ju àwọn tí kò gbà á lọ. Irú rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi fítámì A kún tiwọn. Ìdá 28 ni ó fi lé, wọ́n sì dá a dúró ní oṣù kìn-ín-ní 1996 láìpé àsìkò. Ohun tí ó ń ṣe ara lóore nínú ẹ̀fọ́ ni wọ́n yọ sọ́tọ̀, tí wọ́n sì fún ara ní àfúnjù rẹ̀. Ara tí ó ń lo àwọn ajágbà náà fún iṣẹ́ kò fẹ́ kí á pa gbogbo wọn run.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kan oògùn ẹ̀jẹ̀ àti fítámì tí wọ́n ń fún aláboyún ní ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ má torí ẹ̀kọ́ yìí da tiyín nù.