Ẹ Má Gbé E Wálé Báyìí

Fọlákẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi, mo sì fara balẹ̀ kà á. O ní ó ti pé oṣù mélòó kan tí àbúrò rẹ ti ń lo methadone, oògùn tí wọ́n fi ń rọ́pò heroin, lọ́dọ̀ àwọn dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò fọwọ́ kan heroin mọ́, àti pé àwọn ẹbí ti dáwó tíkẹ́ẹ̀tì kí ó lè padà sí Ìbàdàn, kí ó fi gbogbo oògùn sílẹ̀, kí wọ́n sì mú un lọ sí ilé àdúrà. O ní kí n sọ tinú mi. Tinú mi ni pé kí ẹ má gbé e wálé báyìí. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú kí wọ́n dáwó, ṣùgbọ́n ewu tó wà nínú ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Jẹ́ kí n ṣe àlàyé rẹ̀ fún ọ, kí o lè rí ohun tí o máa fi dá wọn lóhùn.

Ohun tó ń ṣì wá lọ́nà ni pé a rò pé bí heroin bá ti jáde lára ènìyàn, ìṣòro ti tán. Ìyẹn gan-an ló kéré jù nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ti di bárakú fún, tí kò bá rí i lò fún wákàtí mẹ́fà sí méjìlá, yóò máa yán ṣáá, imú àti ojú rẹ̀ yóò máa ṣomi, irun ara rẹ̀ yóò dìde, inú yóò máa lọ́ ọ, yóò máa yàgbẹ́ gbuuru, egungun rẹ̀ yóò máa ro ó, oorun kò sì ní kun ojú rẹ̀. Ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹta ló máa ń le jù. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti rọlẹ̀. Ìyà náà pọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí òun fúnra rẹ̀ pa àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le. Èyí tó ń pani ń bọ̀ lẹ́yìn. Heroin a máa dín mímí ènìyàn kù. Bí ènìyàn bá ń lò ó lójoojúmọ́, ara rẹ̀ á mọ́ ọn, débi pé ìwọ̀n tó lè pa ẹlòmíràn kò ní pa á. Bí ó bá fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ara á gbàgbé, ọkàn kò sì ní gbàgbé. Ọjọ́ tí ìbànújẹ́ tàbí ọ̀rẹ́ àtijọ́ kan bá tún fà á padà, ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ náà ni yóò lò, ara tí kò lè gbà á mọ́ ni yóò sì lò ó sí. Á dà bíi pé ó ń sùn, èémí rẹ̀ á máa fà lọ sílẹ̀ títí tí yóò fi dá. Àwọn olùwádìí ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà tẹ̀lé ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 30,000 lẹ́yìn tí wọ́n tú wọn sílẹ̀, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ síta ní 2007: ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ewu kí oògùn àlòjù pa wọ́n jẹ́ ìlọ́po 129 ti àwọn ará ìlú yòókù. Ọgbà ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ilé àdúrà, mo gbà. Ṣùgbọ́n bí a bá gba oògùn lọ́wọ́ ènìyàn láìfi nǹkan kan dí àyè rẹ̀, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ara níbi méjèèjì.

Àwọn ẹbí yóò sọ pé oògùn kan náà ni wọ́n fi rọ́pò èkejì, pé ẹrú ṣì ni í ṣe. Èmi kì í fojú tẹ́ńbẹ́lú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé òótọ́ ni pé ìdílé kan náà ni methadone àti heroin, àti pé methadone pàápàá máa ń di ohun tí ara gbára lé. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lára ló yàtọ̀. Heroin kì í pẹ́ lára. Kí ọjọ́ kan tó ṣú, ẹni tó ń lò ó ti wá owó rẹ̀ kiri lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, ibẹ̀ sì ni olè jíjà àti irọ́ pípa ti ń wọlé. Methadone lè gbé e dé ọjọ́ kejì. Ẹni tó ń lò ó á dúró níwájú káńtà kẹ́mísì láàárọ̀, á gbé ife kékeré tí oògùn olómi aláwọ̀ ewé wà nínú rẹ̀ mì lójú ẹni tó ń ta oògùn, á sì gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní 2017, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé àkópọ̀ ìwádìí jáde lórí ènìyàn tó lé ní 120,000. Nínú 1,000 ènìyàn, bí 11 ló ń kú lọ́dún nígbà tí wọ́n ń gba methadone. Nígbà tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ó di 36. A kì í sọ fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru pé ẹrú oògùn ni í ṣe nítorí pé ó ń gbé kóró kan mì láràárọ̀. Kí ló dé tí a fi fẹ́ sọ ọ́ fún ọmọ wa?

Ẹnì kan nínú wọn yóò mú ọ̀rọ̀ àwọn sójà Amẹ́ríkà tó jà ní Vietnam wá, àtakò tó wúwo jù sì nìyẹn. Ní 1971, heroin ti wọ àárín wọn débi pé ìjọba Ààrẹ Nixon pàṣẹ pé kí wọ́n yẹ ìtọ̀ olúkúlùkù wò kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Lee Robins, obìnrin olùwádìí kan, tẹ̀lé wọn dé ilé. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló ní ó ti di bárakú fún òun lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n láàárín ọdún mẹ́ta tí wọ́n padà dé, kìkì bí 12 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó tún di bárakú fún, bẹ́ẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò gba ìtọ́jú kankan. Ṣé kì í ṣe ilé ló wò wọ́n sàn báyìí? Ní apá kan, òun ni. Ojú ogun ni wọ́n ti pàdé oògùn náà, níbi tó ti pọ̀ yanturu, níbi tí ẹ̀rù àti àìríkan-ṣe ti ń tì wọ́n sí i, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ju ọdún kan lọ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kúrò, ẹni tó ń tà á fún wọn, ẹni tí wọ́n jọ ń fà á, ibi tí wọ́n ti ń fà á, gbogbo rẹ̀ ló ṣẹ́kù sẹ́yìn. Ti àbúrò rẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún púpọ̀ ló fi lò ó. Lọ́ńdọ̀nù ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ wà, ibẹ̀ sì ni ìtọ́jú tó ń ràn án lọ́wọ́ wà. Ilé tí wọ́n fẹ́ gbé e wá yìí ńkọ́? Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2018, àwọn tó lo oògùn olóró lọ́dún kan tó 14.3 mílíọ̀nù, apá ìwọ̀ oòrùn gúúsù tiwa níbí ló sì lékè gbogbo ẹkùn. Bí ó bá wá heroin kiri ìgboro, yóò rí i rà. Ẹ̀kọ́ tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ Vietnam ni pé kí ó kúrò ní àdúgbò tó ń gbé, kí ó yí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ padà, kí ó wá máa gbé nítòsí rẹ lọ́hùn-ún. Ìyẹn kò gba kí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ní ti àdúrà, kí wọ́n máa gbà á lọ, èmi náà ń gbà á. Àdúrà kò sọ pé kí a da oògùn nù. Nígbà tí Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Arò, l'Abẹ́òkúta, ní 1954, inú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká ni ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí, ó ní kí ẹbí kan tẹ̀lé aláìsàn wá láti máa tọ́jú rẹ̀, ó sì gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Oògùn òyìnbó kò sì dúró. Ẹbí ló lọ bá aláìsàn. Wọn kò gbé aláìsàn kúrò níbi ìtọ́jú nítorí ẹbí.

Methadone náà léwu o: díẹ̀ nínú rẹ̀ lè pa ọmọdé. Bí ó bá wá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ, inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kí oògùn rẹ̀ máa wà. Ní kí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ fún ọ ní naloxone, kí wọ́n sì kọ́ ìwọ àti ọkọ rẹ bí ẹ ó ṣe lò ó; òun ló ń dá èémí padà bí heroin bá fẹ́ gbé ènìyàn lọ. Ẹ pe 999 kíákíá, nítorí agbára naloxone lè tán kí ti heroin tó tán. Bí ó bá tún ṣubú lọ́jọ́ kan, má ṣe lé e jáde lóru. Ilé ìtọ́jú ni kí o mú un padà sí lówùúrọ̀, kí wọ́n tún oògùn rẹ̀ wò.

Owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dá yẹn, sọ fún wọn pé èmi ní kí wọ́n fi wá fisà fún ìyá rẹ. Òun ni kí ó wá bá a.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.