A Kì Í Ti Kóòtù Bọ̀ Ká Ṣọ̀rẹ́, Ta Wá Ni Ọ̀rẹ́ Níbẹ̀?

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọmọdé mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kò sí ohun tí mo fẹ́ tú níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ń gbé òwe náà lọ ló ń ká mi lára. Ẹni tó ra ọkọ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan, ilé onígíláàsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù àti àga tìmùtìmù fún oníbàárà, á gbé ọkọ̀ náà padà síbẹ̀ nígbà tí gíá rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Wọ́n á gba owó gọbọi lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kò ní í pé tí ọkọ̀ náà á tún fi kú sí orí afárá Third Mainland nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bó bá gbé e padà, wọ́n á ní àìsàn mìíràn ló dé, kó mú owó mìíràn wá. Bó bá wá ní òun ò gbà, ẹbí, ará àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ á yí i ká: fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: ta ni ọ̀rẹ́ níbẹ̀? Ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, tó ní lọ́yà tirẹ̀, tó ń tẹ nọ́ńbà sí orí gbogbo risíìtì, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Ọjà ni ẹ jọ ṣe. Ẹni tó bá torí ọ̀rẹ́ tí kò sí fi owó tó wà sílẹ̀, kò fi òwe náà ṣe ọgbọ́n.

Ohun tó tún burú ni pé òwe yìí kì í pa wá lẹ́nu mọ́ ní tòótọ́. Ẹni tó gbé ìbínú mì á gbé e mì títí dé ọrùn, ọjọ́ tó bá pọ̀ jáde ni á lọ pariwo ní ẹnu ọ̀nà wọn, á fi ọkọ̀ dí géètì, á já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ akọ̀wé tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹlòmíràn á pe ọlọ́pàá tó mọ̀ pé kó wá ti ọ̀gá mẹkáníìkì mọ́lé títí á fi da owó òun padà. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, ní abala 32, sọ ọ́ gbangba pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn nítorí àdéhùn tó bàjẹ́ tàbí ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn lásán. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 sì ti sọ ọ́ ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó ni ẹ̀tọ́ ní àárọ̀ á wá di ẹni tí wọ́n ń rojọ́ mọ́ lẹ́sẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. A sá fún kóòtù, a bọ́ sínú ìjà ìgboro. Ọ̀nà gbòòrò kan wà láàárín ká gbé e mì àti ká jà, àwọn èèyàn wa kì í sì í fẹ́ gba ibẹ̀: ọ̀nà àkọsílẹ̀. Lójú tèmi, àìsí àkọsílẹ̀ ló ń ba àárín èèyàn jẹ́ ju kóòtù lọ, ìdí iṣẹ́ ọkọ̀ ni èyí sì ti hàn kedere jù.

Iṣẹ́ ọkọ̀ ṣòro láti ṣe ẹjọ́ lé lórí nítorí inú irin ni àṣìṣe ń sá pamọ́ sí. Aṣọ tí télọ̀ gé kù, gbogbo ayé á rí i lọ́jọ́ kan náà. Gíá tí wọ́n da ọ́ìlì tí kì í ṣe tirẹ̀ sí á ṣì máa rìn fún ìgbà díẹ̀. Gíá tí wọ́n ń pè ní CVT, tó ń fi bẹ́líìtì irin àti púlì ṣiṣẹ́, ní ọ́ìlì tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Bí wọ́n bá da ATF lásán sí i, èyí tí ọtọmátíìkì àtijọ́ ń lò, bẹ́líìtì náà lè máa yọ̀ lórí púlì, kó máa họ ọ́, títí irin wẹ́wẹ́ á fi kún inú gíá. Bákan náà ni ọkọ̀ tó gbóná títí tó fi jó gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù. Bí wọn kò bá wọn tọ́ọ̀pù náà láti mọ̀ bóyá ooru ti tẹ̀ ẹ́, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun tí wọ́n fi sí i á tún jó, wọ́n á sì ní kí oníbàárà ra òmíràn. Ìdí nìyí tí risíìtì tó kọ “iṣẹ́ gíá” nìkan kò fi sọ nǹkan kan. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ ọ́ìlì tí wọ́n dà, iye lítà, orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀yà tí wọ́n pààrọ̀, bóyá tuntun ni tàbí tòkunbọ̀. Ẹ gba ẹ̀yà àtijọ́ padà, kódà bó bá dọ̀tí, kẹ́ ẹ dì í sínú ọ̀rá. Ilé iṣẹ́ tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa kò ní kọ èyí, nítorí ẹ̀rí tiwọn náà ni.

Ọjọ́ tí ẹ gbé ọkọ̀ lọ gan-an ni ẹjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ ẹ mọ̀, bẹ́ ẹ ò mọ̀. Lórí káàdì iṣẹ́ tí wọ́n bá mú wá, ẹ kọ ohun tí ọkọ̀ náà ń ṣe, ẹ má kọ àìsàn tí ẹ rò pé ó ń ṣe é. Ìyàtọ̀ wọn pọ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé “ẹ bá mi pààrọ̀ gíá”, tí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n ti jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán wọn, bí ọkọ̀ kò tiẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ọ́ pé “bó bá ti gbóná, tí mo bá fi í sí D, ẹ́ńjìnnì á ké, ọkọ̀ kò ní í lọ”, àwọn ni wọ́n gbà láti wá ìdí rẹ̀ rí. Ẹ ya fọ́tò dáṣíbọ́ọ̀dù kí nọ́ńbà kìlómítà àti gbogbo iná tó tàn hàn. Ẹ ya ara ọkọ̀ yíká. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń fọwọ́ ara wọn ba ẹjọ́ ara wọn jẹ́ ni ibi mẹkáníìkì kejì. Inú ń bí ènìyàn, ọkọ̀ ti kú, ó wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, onítọ̀hún sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí alẹ́ tó lẹ́. Bí ẹ bá padà sọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni á sọ: ẹni tó tú u lẹ́yìn mi ló bà á jẹ́. Kí lẹ fẹ́ fi dá a lóhùn? Ẹ jẹ́ kí ẹni kejì fi ẹ̀rọ ka àṣìṣe tó wà nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, kó wo ọ́ìlì, kó ya fọ́tò, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀, kó buwọ́ lù ú. Kò gbọ́dọ̀ tú nǹkan kan títí ẹni àkọ́kọ́ á fi gba lẹ́tà tí ẹ máa kọ sí i, tí á sì ní àǹfààní láti wá wò ó. Ìdájọ́ òdodo ni mo ń sọ, kì í ṣe ọgbọ́n àrékérekè, torí ilé iṣẹ́ náà lè má jẹ̀bi. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, bẹtiróòlù tí mẹtanọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ọjà Nàìjíríà, ó sì kó bá ọkọ̀ àwọn tí kò mọ nǹkan kan. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní ọ̀sẹ̀ náà lè di ẹ̀bi ru mẹkáníìkì tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ojú ẹni kẹta ló ń gba aláìṣẹ̀ là, òun náà ló ń mú ẹlẹ́ṣẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà kàn. Kò gbọ́dọ̀ gùn, kò sì gbọ́dọ̀ ní èébú nínú. Ọjọ́ tí ẹ gbé ọkọ̀ lọ, ohun tí wọ́n ní àwọn ṣe, iye tí ẹ san, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ohun kan pàtó tí ẹ ń béèrè, àti ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kí wọ́n dáhùn. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, kì í ṣe ọmọ tó ń gba kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Òfin ti kọ ohun tí ẹ lè béèrè sílẹ̀. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, sọ ní abala 130 pé ẹni tó gba iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe é lásìkò, bí ó ti yẹ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, pẹ̀lú ẹ̀yà tí kò lábùkù, kó sì dá ohun oníbàárà padà láìbàjẹ́ ju bó ṣe gbà á lọ. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, oníbàárà lè ní kó tún àbùkù náà ṣe, tàbí kó dá apá tó tọ́ nínú owó náà padà. Bí ẹ bá lọ pàdé wọn, tí wọ́n ṣèlérí fún yín lẹ́nu, ẹ tún ìlérí náà kọ ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp ní alẹ́ ọjọ́ náà. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 gba ohun tó wà lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, bí a bá ti tẹ̀lé ìlànà rẹ̀.

Ẹnì kan á ní, wọ́n ti mú òun buwọ́ lu ìwé pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi ilé iṣẹ́. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà kan náà kò gba àdéhùn tó bá fẹ́ gba ẹ̀tọ́ tí òfin fún oníbàárà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà kí ìwé yẹn má ṣe dẹ́rù bà yín. Ẹlòmíràn á ní, kóòtù ń gba ìgbà, lọ́yà ń gba owó. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́ nípa kóòtù tí bàbá wa mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2018 ni Èkó ti ní kóòtù kékeré fún owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Iwájú Májísíréètì ni, ẹ lè fẹnu ara yín rojọ́ láìgba lọ́yà, ìlànà rẹ̀ sì ní kí ẹjọ́ parí láàárín 60 ọjọ́. Owó tí iye rẹ̀ hàn gbangba ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, èyí ló sì fà á tí mo fi ń pariwo risíìtì láti ìṣáájú. Kí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ tó débẹ̀, ẹ lè kọ̀wé sí FCCPC, àjọ tí òfin 2018 náà dá sílẹ̀ fún ìdáàbòbò oníbàárà. Ẹ sì tún lè gbé e lọ sí ibi tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 1999 láti máa bá ará ìlú parí ìjà lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Citizens' Mediation Centre. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í borí ẹnìkejì. Wọ́n á jókòó, wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí sílẹ̀.

Níbí ni mo ti ní gbólóhùn asọ̀ pẹ̀lú òwe náà fúnra rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wà láàárín rẹ̀: kóòtù. Gẹ̀ẹ́sì ni. Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1861, òfin tó fi ìdí kóòtù gíga wọn múlẹ̀ níbẹ̀ sì jáde ní 1876. Àwọn baba wa ti ń ṣe ẹjọ́ tipẹ́ kí ìyẹn tó dé: níwájú baálé, níwájú olóyè àdúgbò, títí dé ààfin. Tí wọ́n bá dájọ́ tán, wọ́n á ní kí oníjà méjèèjì jọ jẹ obì, wọ́n á sì pàrọwà fún wọn. Mi ò tíì gbọ́ òwe tó ní a kì í ti ọ̀dọ̀ baálé bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ohun tí òwe yìí ń bẹ̀rù ni ilé ẹjọ́ tí wọ́n ti ń sọ èdè tí olùpẹjọ́ kò gbọ́, tí ẹnì kan á ti jó jáde, tí ẹnì kejì á sì san gbogbo ìnáwó. Kò bẹ̀rù pé kí a gbé ọ̀rọ̀ síwájú ẹni tó lè là á. Ẹni tó ń fi òwe náà sọ pé ká má gbé ọ̀rọ̀ síwájú ẹnikẹ́ni rárá ti sọ ọ́ di ohun tí kò jẹ́.

Mo gbà pé ibì kan wà tí òwe náà ti lágbára. Mẹkáníìkì àdúgbò tó ń wá sílé yín ní aago mọ́kànlá òru, tó ń gba owó díẹ̀díẹ̀, tí ẹ mọ ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, ẹ má fi lẹ́tà lọ́yà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ pè é, ẹ pe ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ẹ pe alága ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń dá sí i. Àmọ́ lọ́dọ̀ òun náà, ìwé kékeré kì í ba ọ̀rẹ́ jẹ́. “₦80,000 ni mo fún ọ”, “rárá o, ₦60,000 ni”: èyí ló ń bà á jẹ́, kò sì sí kóòtù kankan nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín kú sí iwájú ilé báyìí, tí kò sì tíì pé oṣù kan tí ẹ san owó àtúnṣe rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú bọ́ọ̀tì kan lára rẹ̀ lónìí. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ wá risíìtì rẹ̀ jáde. Ẹ kọ lẹ́tà náà ní alẹ́ yìí, kí ó dé tábìlì ọ̀gá wọn láàárọ̀ ọ̀la.