Ẹ̀KỌ́ KẸTÀLÁ: Bébà Wo Ló Yẹ Iṣẹ́ Wo?

Àwọn àgbà ní, "Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ bébà àti iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe rí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Ẹdẹ fẹ́ ṣe àjọ̀dún ìdásílẹ̀ rẹ̀. Ohun mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ gbé lọ sí ilé ìtẹ̀wé: ìwé ìkéde, káàdì ìpè, kàlẹ́ńdà àti ìwé ìtàn ilé ẹ̀kọ́ náà. Ṣé bébà kan náà ni kí wọ́n fi tẹ gbogbo wọn?

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń wọn bébà. Bí a bá gé bébà tí ó gùn ní mítà kan, tí ó sì fẹ̀ ní mítà kan, tí a gbé e sórí òṣùwọ̀n, iye gíráàmù tí ó bá wọ̀n ni a fi ń pè é. Bébà ìwé ìròyìn kì í sábà ju gíráàmù 50 lọ. Èyí tí a fi ń kọ lẹ́tà sábà máa ń jẹ́ 80. Ti káàdì a máa ju 200 lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan péré ni ìwé ìkéde yóò wúlò mọ. Bébà fẹ́lẹ́, olówó pọ́ọ́kú, tó fún un.

Káàdì ìpè yóò gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá. Bébà líle ni kí a fi ṣe é.

Kàlẹ́ńdà ní àwòrán aláwọ̀ mèremère. Bébà dídán ló yẹ ẹ́. Amọ̀ funfun kíkúnná ni wọ́n sábà fi ń bo ojú rẹ̀. Kì í mu tàdáwà púpọ̀, nítorí náà àwọ̀ a máa hàn dáadáa. Ṣùgbọ́n dídán rẹ̀ a máa da ojú láàmú bí a bá ń kàwé pẹ́.

Ìwé ìtàn ńkọ́? Ọmọ àti ọmọ ọmọ wa ni yóò kà á. Bí a bá tìtorí owó fi bébà ìwé ìròyìn tẹ̀ ẹ́, yóò pọ́n rẹ́súrẹ́sú, yóò sì máa rún, nítorí pé igi tí a kàn lọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe irú bébà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó so ara igi pọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀; ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ló ń bà á jẹ́. Bébà tí a ti yọ ohun náà kúrò nínú rẹ̀ ni kí a yàn.

Ní ọdún 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn èdè Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Ìwé náà kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1867. Àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ ti kú tipẹ́. Orí bébà ni ọ̀rọ̀ wọn gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Bí bébà bá bàjẹ́, ìtàn bá a lọ.

Iṣẹ́ Ṣíṣe
Ẹ ya ojú ewé ìwé ìròyìn kan sí méjì. Ẹ sá ìdajì sínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ fi ìdajì kejì sínú àpótí. Ẹ fi wọ́n wé ara wọn.

Ìbéèrè
1. Kí ni ìtumọ̀ "gíráàmù 80"?
2. Kí ló dé tí bébà dídán fi yẹ kàlẹ́ńdà?
3. Bébà wo ni ẹ ó fi tẹ ìwé ìtàn ìdílé yín? Ẹ sọ ìdí rẹ̀.