Ẹ Dárí Ji Awakọ̀, Ṣùgbọ́n Ẹ Gba Owó Mọ́tò Yín

Lẹ́tà: Olóòótú, olùkọ́ ni mí, Kọ́bapẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni mò ń gbé. Lóṣù tó kọjá, mo dúró kí àwọn ọmọ iléèwé lè sọdá títì, ni típà kan tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Ṣágámù bá kọlu Corolla mi lẹ́yìn. Búùtù wọlé, báńpà já, iná ẹ̀yìn méjèèjì fọ́. Awakọ̀ dọ̀bálẹ̀, àwọn àgbà àdúgbò bá a bẹ̀ mí, wọ́n ní ọ̀gá ẹ̀ máa lé e lẹ́nu iṣẹ́. Mo gba ₦30,000 tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní kó máa lọ. A ò kọ ìwé kankan. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ páńẹ́lì-bítà, ₦480,000 ló pè é. Mo lọ sí ilé-iṣẹ́ tí mo ra inṣọ́ránsì ₦15,000 lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ò kan àwọn. Ṣé jìbìtì kọ́ ni gbogbo ẹ̀? Mo ya fọ́tò típà náà, nọ́ńbà ẹ̀ sì hàn dáadáa. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn wa: Ẹ kú ewu ọ̀nà, Ọ̀gá Tíṣà. Ọpẹ́ ni pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ló mọ, tí kò kan àwọn ọmọ tó ń sọdá. Lórí ìbéèrè yín, òótọ́ ni ilé-iṣẹ́ yẹn sọ, àmọ́ wọn ò sọ ọ́ tán. Third party ni ẹ rà ní ₦15,000, ẹni tí ẹ̀yin bá lọ gbá ló sì wà fún. Ká ní ẹ̀yin lẹ fi Corolla yín kọlu ọkọ̀ ẹlòmíì, ilé-iṣẹ́ yín ni ì bá sanwó àtúnṣe ọkọ̀ onítọ̀hún. Kò sí kọ́bọ̀ kan nínú ẹ̀ fún ọkọ̀ tiyín. Ṣùgbọ́n bí tiyín ṣe wà fún ẹlòmíì, bẹ́ẹ̀ náà ni ti típà yẹn wà fún yín. Ọ̀dọ̀ adójútòfò onítípà ni owó yín wà, ibẹ̀ ló sì yẹ kí wọ́n júwe fún yín dípò kí wọ́n kàn ní kí ẹ máa lọ.

Ohun tó ń mú kí èyí rú ọ̀pọ̀ wa lójú ni pé ìwé tí a fi ń kọjá níwájú ọlọ́pàá la ka inṣọ́ránsì sí. A ń rà á mọ́ pátíkúlà, a ń jù ú sínú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó di ọjọ́ tí wọ́n bá dá wa dúró. Nígbà tí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ìgbà náà, Káyọ̀dé Ẹgbẹ́tókun, pàṣẹ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2025 ni àwọn ọlọ́pàá yóò máa mú ẹni tí kò bá ní i, ìyà tí a lè jẹ lójú ọ̀nà ló gba ọkàn wa, a ò bi ara wa pé nítorí ta ni wọ́n ṣe ṣòfin ọ̀hún. Nítorí yín ni, ẹ̀yin tí típà gbá láìṣẹ̀. Láti 1945, nígbà ìjọba amúnisìn, ni òfin kan ti wà ní Nàìjíríà tó sọ ọ́ di dandan kí ọlọ́kọ̀ dójú tòfò fún ẹni tó bá pa lára tàbí tó bá pa kú. Òfin adójútòfò ti 2003 ló wá fi dúkìá kún un. Kí òfin tuntun ti 2025 tó rọ́pò rẹ̀, abala 68 rẹ̀ sọ pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ sójú títì láìdójú tòfò fún dúkìá ẹlòmíì tó lè bà jẹ́, ó kéré tán fún mílíọ̀nù kan náírà. Ẹni tó bá rú u nígbà náà, ìtanràn ₦250,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí kó rí méjèèjì. Nígbà tí ọdún 2023 bẹ̀rẹ̀, NAICOM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń darí àwọn adójútòfò, gbé owó third party ọkọ̀ aládàáni kúrò ní ₦5,000 sí ₦15,000, ó sì gbé ohun tí wọ́n lè san fún dúkìá tó bà jẹ́ dé ₦3,000,000. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń fi ẹrù rírù ṣòwò ń san ₦100,000 lọ́dún, ohun tí wọ́n lè tìtorí wọn san sì dé ₦5,000,000. Ẹ wá fi ₦480,000 yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n bẹ̀ yín, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù ẹ̀tọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó lè bá yín wí pé ẹ dárí jì í. Awakọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwọn àgbà Kọ́bapẹ́ bá a bẹ̀bẹ̀, kí èèyàn ní òun ò gbà? Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ lójú títì máa ń dì pọ̀: ìbínú yín sí awakọ̀, àti owó tí àtúnṣe ọkọ̀ yín máa gbà. Wọ́n ní kí ẹ mójú kúrò lára ìbínú, ẹ bá mójú kúrò lára owó náà mọ́ ọn. Mo mọ ibi tí àṣà yẹn ti wá. Bó bá jẹ́ àpò awakọ̀ nìkan ni owó ti lè jáde, kí lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ òòjọ́ ló ń jẹ? Níbi tí inṣọ́ránsì bá wà, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Owó tí ẹ máa béèrè ò ní jáde lápò awakọ̀, kò sì ní jáde lápò ọ̀gá ẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ ti sanwó sílẹ̀ de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ ò bá béèrè, ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí kò sí níbẹ̀, tí kò sì dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ni ẹ fi ₦450,000 tó kù ta lọ́rẹ. Oṣù mélòó ni tíṣà máa fi ṣiṣẹ́ kó tó rí iye yẹn tù jọ? Awakọ̀ náà ò jèrè nínú ìdákẹ́ yín. Òun gan-an ló pàdánù, torí ₦30,000 tó kó fún yín yẹn lè jẹ́ owó oúnjẹ ilé ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ká ní ọ̀rọ̀ náà ti ìbẹ̀rẹ̀ gba ọ̀nà inṣọ́ránsì, kò ní láti mú un sílẹ̀ rárá.

Ẹ lè ní bí ilé-iṣẹ́ bá gbọ́, ọ̀gá ẹ̀ á gbọ́, wọ́n á sì lé e bó ṣe bẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ tó nílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n típà tó ti gbá nǹkan níwájú ò ṣeé fi pa mọ́ fún ẹni tó ni ín. Ohun tó kù tí ẹ lè ṣe fún awakọ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín sí ọ̀gá ẹ̀ pé kò sá, pé ó dúró, ó tọrọ àforíjì, ó sì kó ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Lójú ọlọ́kọ̀ tó gbọ́n, awakọ̀ tó dúró yàtọ̀ sí èyí tó sá lọ.

Nọ́ńbà tó wà nínú fọ́tò yín ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn adójútòfò Nàìjíríà, NIA, ní àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní NIID, níbi tó yẹ kí inṣọ́ránsì ọkọ̀ gbogbo ti hàn. Ẹ lè fi nọ́ńbà ọkọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lórí askniid.org, tàbí kí ẹ tẹ *565*11# lórí fóònù. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá tó ni agbègbè ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, kí wọ́n lè fún yín ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ ti pẹ́ díẹ̀, ẹ ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi pẹ́ fún wọn bí ó ṣe rí. (Ẹ̀yin òǹkàwé yòókù, tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, 122 ni nọ́ńbà Road Safety, ọ̀fẹ́ ni, TRACE, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, náà sì ń bẹ lójú ọ̀nà wa. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n bá ṣe lójú ẹsẹ̀ lágbára ju èyí tí a ń wá kiri lẹ́yìn oṣù kan lọ.) Àwọn àgbà tó bẹ̀ yín yẹn ńkọ́? Ẹlẹ́rìí yín ni wọ́n. Ẹni tó bá awakọ̀ bẹ̀bẹ̀ ti gbà pé awakọ̀ ló jẹ̀bi. Ẹ padà lọ bá méjì nínú wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ ṣàlàyé pé ẹ ò wá ìjà, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń há ni ọ̀dọ̀ onítípà. Kì í ṣe ẹ̀yin ni oníbàárà adójútòfò ẹ̀, wọ́n á fẹ́ kí oníbàárà àwọn kọ́kọ́ wá sọ fún àwọn pé òun ṣèjàǹbá kí wọ́n tó dá yín lóhùn. Tí onítípà bá dákẹ́, ìwé yín á máa sùn lórí tábìlì wọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lẹ́tà méjì lẹ máa kọ lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan sí onítípà, ọ̀kan sí adójútòfò, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó bá gbà á fọwọ́ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ rán onítípà létí jẹ́jẹ́ pé lábẹ́ òfin, ọ̀gá ló ń dáhùn fún ohun tí ọmọọṣẹ́ bá bà jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, àti pé bó bá kọ̀ tí kò lo inṣọ́ránsì ẹ̀, àpò ara ẹ̀ ló kù. Ẹni tó ti san ₦100,000 ò ní fẹ́ san ₦450,000 lé e.

Ọ̀pọ̀ yóò ní ẹ ń fi àkókò ṣòfò ni, pé àwọn adójútòfò kì í sanwó. Mi ò ní bá yín jiyàn pé kò sí èyí tó ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń kọ̀: ìjàǹbá tí wọn ò gbọ́ títí ọkọ̀ fi di títúnṣe, ẹjọ́ tí kò dé àgọ́ ọlọ́pàá, fọ́tò tí nọ́ńbà ò hàn, owó inṣọ́ránsì tí ẹni tó ni ín ò san. Yàtọ̀ sí èyí tó kẹ́yìn, ọwọ́ ẹni tí wọ́n gbá ni gbogbo ẹ̀ wà. Bí ìwé yín bá pé tí wọ́n ṣì ń yẹ̀, NAICOM ní ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn aráàlú, NIA náà sì ń gbà á. Òfin adójútòfò tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní 2025 sì le sí ilé-iṣẹ́ tó bá ń fi owó falẹ̀. Ẹ̀sùn tó ní déètì àti ẹ̀dà lẹ́tà nínú, ó ṣòro láti gbá tì.

Ó lè jẹ́ ayédèrú ni inṣọ́ránsì típà náà, kí àkójọ NIID má mọ̀ ọ́n rí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ kan wà láti 1946 tó ń sanwó fún ẹni tí ọkọ̀ tí kò ní inṣọ́ránsì bá gbá. Ṣùgbọ́n ní tiwa níbí, ọlọ́kọ̀ fúnra ẹ̀ lẹ máa dojú kọ, ẹ̀sùn tó sì wà lọ́rùn ẹ̀ ti di méjì: ọkọ̀ yín tó bà jẹ́, àti òfin tó rú. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ lẹ́tà kan sí i ná. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀ ló ń parí síbẹ̀. Bí kò bá parí, kóòtù májísíréètì wà ní Ìsàbò, Abẹ́òkúta, ọ̀nà Kọ́bapẹ́ yín gan-an sì ni ọgbà ilé-ẹjọ́ ìpínlẹ̀ Ògùn wà.

Ẹ má tíì tún ọkọ̀ náà ṣe kí ẹni tí adójútòfò bá rán tó wá wò ó. Bí iṣẹ́ bá fi dandan mú yín gbé e jáde, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ yíká, ẹ tọ́jú báńpà àti iná tó fọ́, ẹ sì gba rìsíìtì gbogbo. Páńẹ́lì-bítà lè ní kí ẹ jẹ́ kóun kọ ọ́ ní ₦700,000, pé adójútòfò máa gé e. Ẹ kọ̀ ọ́. Ẹni tí wọ́n máa rán wá mọ iye tí iná Corolla ń lọ lọ́jà, irọ́ kan ṣoṣo sì tó láti ba òótọ́ yòókù jẹ́. Bákan náà, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti gba ₦30,000; ₦450,000 tó kù lẹ máa béèrè.

Bí wọ́n bá gbà láti sanwó, wọ́n á kọ́kọ́ gbé ìwé kan wá pé kí ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ ti gba gbogbo ohun tó tọ́ sí yín, pé ẹ ò ní béèrè nǹkan kan mọ́ láé lórí ìjàǹbá náà. Ẹ má fọwọ́ sí i tí iye tó wà nínú ẹ̀ ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, àti pàápàá tí ọrùn tàbí ẹ̀yìn bá ń dùn yín láti ọjọ́ náà. Ẹ ò mẹ́nu kan ìrora nínú lẹ́tà yín, ṣùgbọ́n ẹni tí típà gbá lẹ́yìn yẹ kó dé ọ̀dọ̀ dókítà kó tó fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Third party onítípà bo ara yín pẹ̀lú, kì í ṣe mọ́tò nìkan.

Ní ti lọ́dún tó ń bọ̀, comprehensive nìkan ló lè mú kí ilé-iṣẹ́ tiyín tún ọkọ̀ yín ṣe, kí àwọn fúnra wọn wá lọ gba owó náà padà lọ́wọ́ onítípà. Òṣùwọ̀n NAICOM ni pé owó ẹ̀ ò gbọdọ̀ dín sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀. Bí Corolla yín bá tó ₦3,000,000, ₦150,000 nìyẹn lọ́dún. Mi ò lè sọ pé kí gbogbo tíṣà san án. Apá yín ló máa sọ.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni kí ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Kí ẹ tó lọ, ẹ tẹ fọ́tò típà náà jáde sórí ìwé ní ẹ̀dà mẹ́ta, kí ẹ sì fi ọ̀kan sílẹ̀ nílé.